Ẹ̀kọ́ lean fún iṣẹ́ ilé kíkọ́: àwọn ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ jù

Ojú ewé yìí wà fún ẹnjiníà sáìtì, agbaṣẹ́ṣe, fóòmàn àti ẹni tó ń ṣírò owó iṣẹ́, tí wọ́n ń ronú àtiforúkọ sílẹ̀ tàbí tí wọ́n fẹ́ rán àwọn èèyàn wọn wá kẹ́kọ̀ọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní lean nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́?

Ọ̀nà ìṣètò iṣẹ́ ni. Ohun tó ń wá ni pé kí iṣẹ́ máa ṣàn láti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì láìdúró, kí owó onílé má sì bá ohun tí kò ní rí lára ilé rẹ̀ lọ.

Ẹ wo sáìtì kan ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Bíríkìlà mẹ́rin jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nítorí pé yanrìn kò tíì dé. Bẹ́ńdà ti gé irin, ó ti tẹ̀ ẹ́, ó ń wo káfíńtà, káfíńtà náà ń dúró de pákó. Oníná wà nílé. Kò sẹ́ni tó pè é pé ọ̀la ni wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn. Kò sí ọ̀lẹ kankan nínú wọn. Síbẹ̀ owó ojúmọ́ ń lọ. Ìdúró yẹn ni lean ń bá jà, kì í ṣe àwọn èèyàn tó ń dúró.

Ilé iṣẹ́ mọ́tò Toyota ní Japan ni ọgbọ́n náà ti wá, Taiichi Ohno sì ni orúkọ tí wọ́n máa ń dá jù níbẹ̀. Ní 1992, Lauri Koskela, ọmọ ilẹ̀ Finland, kọ ìwádìí kan ní Yunifásítì Stanford lórí bí ọgbọ́n yìí ṣe lè bá ilé kíkọ́ mu. Ní 1993 àwọn olùwádìí kóra jọ ní Espoo ní Finland, ibẹ̀ ni International Group for Lean Construction ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1997 Glenn Ballard àti Greg Howell dá Lean Construction Institute sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ballard yìí ló ṣe ètò Last Planner (olùṣètò ìkẹyìn), ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn fi ń jọ ṣètò iṣẹ́, tí ó jẹ́ òpó ẹ̀kọ́ náà.

Ṣé kì í ṣe ọgbọ́n láti lé òṣìṣẹ́ ni?

Rárá. Bí agbaṣẹ́ṣe bá kọ́ lean tán tó wá dín èèyàn kù ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò tún sí fóòmàn tí yóò sọ òótọ́ fún un mọ́ nípa ibi tí àkókò ń ṣòfò sí. Òótọ́ yẹn sì ni gbogbo ètò náà dúró lé.

Àwọn ohun ìfiṣòfò wo lẹ máa ń mẹ́nu bà? Báwo la ṣe lè dá wọn mọ̀ lójú sáìtì?

Méje ni Ohno kà. Àwọn tó tẹ̀ lé e fi ẹ̀kẹjọ kún un. Èkíní ni kí a ṣe ohun tí kò tíì tó àkókò rẹ̀: ẹ gé irin òkè kejì nígbà tí ayàwòrán ilé kò tíì fọwọ́ sí àwòrán, ó yí ibi òpó padà, irin ti di pàǹtírí. Ẹ̀kejì ni ìdúró. Ẹ̀kẹta ni gbígbé nǹkan káàkiri: tírélà já búlọ́ọ̀kù sẹ́nu ọ̀nà, lébìrà rù ú dé ẹ̀yìn ilé, lọ́jọ́ kejì wọ́n tún rù ú kúrò níbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí sí. Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ àṣejù. Ògiri tó wọ́ ni bàbá èyí. Ibi tí pílásítà 15 mm ì bá ti tó, wọ́n á rẹ́ ẹ tó 40 mm kó lè gún, wọ́n á sì fi sìmẹ́ńtì san gbèsè àìtọ́ búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀karùn-ún ni ẹrù tó pọ̀ jù ní ìpamọ́, bíi sìmẹ́ńtì tó ti dì nínú báàgì. Ẹ̀kẹfà ni ìrìn asán: bíríkìlà tó ń wá ìwọ̀n àti okùn kiri. Èkeje ni àṣìṣe tí a ní láti tún ṣe. Ẹ̀kẹjọ, tó sì dùn wá jù, ni ọgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Bẹ́ńdà tó ti ń to irin fún ogún ọdún rí i pé irin ibí yìí pọ̀ débi pé kọnkéré kò ní ráàyè wọlé. Wọn kò bi í, òun náà kò sọ.

Ta ló yẹ kó wá?

Ọ̀gá iṣẹ́, ẹnjiníà sáìtì, ẹni tó ń ra ohun èlò, àti fóòmàn iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ààyè ẹ̀yin kò bá ju márùn-ún lọ, ẹ rán fóòmàn mẹ́ta àti ọ̀gá méjì. Orúkọ Last Planner fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ohun tí ọwọ́ yóò ṣe lọ́la, fóòmàn sì ni ẹni yẹn, kì í ṣe ẹni tó wà ní ọ́fíìsì.

Kí ló wà nínú ẹ̀kọ́ náà? Ìwé ẹ̀rí wo ló wà níbẹ̀?

Ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni ti Associated General Contractors of America, AGC. Ìpín méje ló ní: àìdúróṣinṣin nínú iṣẹ́ àti ohun tó ń fà, fífa iṣẹ́ láti iwájú dípò títì í láti ẹ̀yìn, bí a ṣe ń pín iṣẹ́ sí ìwọ̀n tó yẹ, Last Planner, ọ̀nà tí ohun èlò ń gbà dé sáìtì, lean nígbà yíyàwòrán ilé àti ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti bí a ṣe ń wá orísun ìṣòro. Ẹni tó bá parí méjèèje lè ṣe ìdánwò fún ìwé ẹ̀rí CM-Lean.

Ìwé yìí kò gba ipò ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN (ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀) tàbí CORBON (ti àwọn kọ́lékọ́lé) ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń wáṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lè rí i pé àwọn agbaṣẹ́ṣe ńlá mọ orúkọ rẹ̀. Nílé níbí, ohun tí onílé máa wò ni bóyá ẹ parí dẹ́kìn lọ́jọ́ tí ẹ dá.

Kí ló dé tí ẹ fi ń ta dáìsì nínú kíláàsì?

Nítorí pé kò sí ohun tó tún lè fi ohun tí ojú kò rí hàn báyìí. Èèyàn márùn-ún máa jókòó sórí ìlà kan, ẹ pè wọ́n ní bíríkìlà, oníná, pọ́ńbà, arẹ́lé àti akunlé. Ọmọ ayò 35 wà níwájú ẹni àkọ́kọ́. Ìta kan dúró fún ọ̀sẹ̀ kan: kálukú ta dáìsì lúdò, iye tó bá já ni yóò tì sí ẹni tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò lè tì ju iye tó bá wà níwájú rẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ìpíndọ́gba dáìsì ni 3.5. Ọmọ ayò 35 yóò gba ẹni àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ 10, àwọn mẹ́rin tó kù fi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kún un, ó di 14. Ẹ kọ 14 sórí pátákó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 14 bá pé, akunlé sábà máa ń jókòó síbẹ̀ tó ń retí ọmọ ayò. Pọ́ńbà ta mẹ́fà, méjì péré ló wà níwájú rẹ̀, agbára mẹ́rin ṣòfò, kò sì ní padà wá mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹ́sàn-án wà níwájú rẹ̀, ó ta ení.

Ẹ wá lẹ bébà mọ́ ojú dáìsì, kí mẹ́ta nínú ojú rẹ̀ jẹ́ 3, kí mẹ́ta yòókù jẹ́ 4. Ìpíndọ́gba rẹ̀ ṣì jẹ́ 3.5, kò sẹ́ni tó yára sí i. Lẹ́yìn èyí eré náà á parí nítòsí 14 tí ẹ kọ, òkìtì kò sì ní ga láàárín wọn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ọmọ ayò wọ̀nyí kò ní tún pariwo mọ́ fóòmàn pé kó yára. Á bi í léèrè ohun tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú kan.

Báwo ni Last Planner ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

Ìpele rẹ̀ márùn-ún ni: ètò àgbà tó ní àwọn ọjọ́ pàtàkì, ètò ìpele kan tí gbogbo oníṣẹ́ jọ fà láti ẹ̀yìn wá, ìwòwájú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àdéhùn ọ̀sẹ̀, àti ìpàdé ojúmọ́ pẹ̀lú ìṣirò ohun tó ṣẹ.

Fífà láti ẹ̀yìn ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹ lẹ bébà gígùn mọ́ ògiri, nǹkan bíi mítà mẹ́rin. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba bébà alẹ̀mọ́ra kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ lẹ ohun tó gbẹ̀yìn mọ́ apá ọ̀tún: "Dẹ́kìn òkè kìíní ti dídà tán." Ẹ wá béèrè pé: kí ló gbọ́dọ̀ ti parí kó tó di pé a lè dà á? Ẹnjiníà ní òun gbọ́dọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Oníná ní páìpù waya òun gbọ́dọ̀ ti wọlé, ó sì fẹ́ kí irin ìsàlẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n kí tòkè má tíì bò ó. Pọ́ńbà ní ihò ilé ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ní páìpù. Bẹ́ńdà fẹ́ pákó tó ti gún. Káfíńtà fẹ́ kí búlọ́ọ̀kù ti dé orí líńtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sì kó òkìtì yanrìn kúrò níbi tí ọ̀pá ìgbérù yóò dúró sí. Lórí bébà kọ̀ọ̀kan, nǹkan mẹ́rin ni kí ó wà: iṣẹ́ mi, ọjọ́ mélòó, èèyàn mélòó, ohun tí mo gbọ́dọ̀ rí gbà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe mẹ́ta ló máa ń ba ìjókòó yìí jẹ́. Ọ̀gá a máa kọ bébà fún àwọn oníṣẹ́. Tó bá ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló dà, kì í ṣe àdéhùn wọn. Àwọn kan á tún fi ọjọ́ méjì pamọ́ sínú iye tí wọ́n dá nítorí ẹ̀rù ìbáwí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn síbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, lópin ìpele. Ẹ̀kẹta, àwọn èèyàn á padà sí àṣà wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti iwájú lọ, wọn ò sì ní rí ohun tí ẹni ẹ̀yìn ń fẹ́.

Kí ni a ń ṣe nínú ìwòwájú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?

Ẹ ń wá ìdíwọ́ kí ó tó dé bá yín. Nǹkan méje ni kí ẹ máa bi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ṣé àwòrán àti àlàyé rẹ̀ pé? Ohun èlò ńkọ́? Èèyàn? Ẹ̀rọ àti irinṣẹ́? Ààyè tí wọ́n máa dúró sí? Iṣẹ́ tó ṣáájú? Àti àwọn nǹkan ìta, bí òjò, àṣẹ ìjọba àti owó onílé?

Ẹ jẹ́ ká mú dẹ́kìn 120 m² tó nípọn 150 mm. Kọnkéré 18 m³ nìyẹn. Bí ìpòpọ̀ bá jẹ́ 1:2:4 (sìmẹ́ńtì, yanrìn, òkúta), á gbà nǹkan bíi báàgì sìmẹ́ńtì 115. Ẹ kọ 120. Sìmẹ́ńtì kò gbọ́dọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ìdà, àmọ́ ẹ kò gbọ́dọ̀ kó o dé ní oṣù méjì ṣáájú. Ta ló máa pè é? Ọjọ́ wo? Míkísà méjì, kí ọ̀kan tó bá kọṣẹ́ má dá iṣẹ́ dúró sí àárín. Fáíbírétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré kó lè kì) méjì. Omi tó máa tó fún ìpòpọ̀ àti fún bíbomirin lẹ́yìn ìdà. Ìdíwọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé: kí ni, ta ló máa mú un kúrò, ọjọ́ wo ni yóò ti kúrò. Orúkọ èèyàn kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ. Tí ẹ bá kọ "ọ́fíìsì" síbẹ̀, ẹ kò kọ ẹnikẹ́ni.

Owó tí onílé kò tíì san jẹ́ ìdíwọ́ bíi tàwọn yòókù. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà han onílé. Ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ pé ìdádúró ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn ló ti dẹ́kìn wọnú òjò oṣù Kẹfà.

Ọ̀gá ni mo jẹ́. Ṣé mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kí fóòmàn sọ fún mi pé òun ò lè ṣe é?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ náà ti máa ń le jù láàárín wa. A tọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọ̀gá bi fóòmàn pé, "Ṣé wàá parí ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì?" Fóòmàn mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù kò tó, ó dáhùn pé, "Ẹ má ṣèyọnu sà, a máa ṣe é." Ó rò pé ọ̀wọ̀ lòun ń fún ọ̀gá. Oníná gbọ́, ó gbé iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta lé ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì kọ iṣẹ́ níbòmíì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé, ògiri kò sí.

"Bẹ́ẹ̀ ni" kò ní ìtumọ̀ lẹ́nu ẹni tí a kò fún láàyè láti sọ pé "rárá". Ohun tó máa ń ràn wá lọ́wọ́ ni kí a yí ìbéèrè padà. Ẹ má bi í pé ṣé á parí. Ẹ bi í pé, "Bàbá, kí lẹ ń fẹ́ kí ó wà nílẹ̀ kí ẹ tó lè fọwọ́ sọ̀yà?" Ìbéèrè yìí kò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Fóòmàn á sọ pé búlọ́ọ̀kù 400 ló kù, ọ̀gá á mọ ohun tí òun máa wá, àdéhùn á sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Báwo ni àdéhùn ọ̀sẹ̀ ṣe yẹ kó rí?

Kí ó yé ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ dá a. "Rẹ́ yàrá" kò tó. "Rẹ́ ògiri yàrá 2 àti 3 ní òkè kìíní, nínú nìkan, èèyàn mẹ́ta, kí ó tán ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú" ló tó. Kí ìdíwọ́ rẹ̀ ti kúrò pátápátá, kí ó wà ní ipò rẹ̀ nínú ètò, kí ó sì bá agbára àwọn èèyàn yẹn mu. Bí èyíkéyìí bá yẹ̀, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ni PPC, báwo la ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Percent Plan Complete ni wọ́n gé kúrú, ìyẹn ìdá ọgọ́rùn-ún àdéhùn tó ṣẹ. Ẹ dá 20, 13 ṣẹ: 13 nínú 20, ó jẹ́ 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó ku díẹ̀ kó tán kò ṣẹ. Èyí máa ń bí àwọn èèyàn nínú, ṣùgbọ́n akunlé kò lè kun ògiri tó ku díẹ̀ kí wọ́n rẹ́ ẹ tán. Nígbà tí Ballard àti Howell kọ́kọ́ wọn iṣẹ́ lọ́nà yìí ní Amẹ́ríkà, díẹ̀ ju ìdajì lọ ló ń ṣẹ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín bí tiyín bá kéré lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ wá bèèrè ìdí títí ẹ ó fi dé gbòǹgbò. Búlọ́ọ̀kù kò tán: kí ló dé? Mọ́tà kò sí. Kí ló dé? Míkísà dúró. Kí ló dé? Dísù, epo tó ń gbé e ṣiṣẹ́, tán. Kí ló dé? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n béèrè owó rẹ̀, ẹni tó ń fọwọ́ síwèé kì í sì wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ojútùú rẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀: kí gbogbo ìbéèrè owó máa wọlé ní Ọjọ́rú. Tí ẹ bá dúró sí "Dísù tán", ẹ ó bá awakọ̀ míkísà jà lásán.

Ẹ má fi PPC na ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti fi gé owó, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í dá àdéhùn tíntìntín. Sáìtì tó bá ń mú 100 wá lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń kọ ètò rẹ̀.

Kí ni takt?

Ìlù kan tí gbogbo oníṣẹ́ ń bá rìn, bí agogo ṣe ń darí àwọn onílù. Ẹ ní fúláàtì mẹ́jọ tó jọra, iṣẹ́ ọwọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Tí kálukú bá ṣe mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tán kí ẹni kejì tó wọlé, ọjọ́ iṣẹ́ 120 ni. Tí wọ́n bá ń tẹ̀ lé ara wọn láti fúláàtì kan sí òmíì, ọjọ́ 36 ni. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń lẹ táìlì bá ń lo ọjọ́ márùn-ún, gbogbo ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ á dúró dè é. Ẹ fi èèyàn kún tirẹ̀ tàbí kí ẹ pín iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì.

Wọ́n ní lean kì í tọ́jú ẹrù. Ní Nàìjíríà tí epo lè wọ́n lóru ọjọ́ kan, ṣé ìyẹn lè ṣeé ṣe?

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìdajì. Lean ní kí ìpamọ́ yín ní ìdí àti ìwọ̀n. Ohun tí kò dá yín lójú ni kí ẹ fi ààbò sí. Bí yanrìn bá ń dé lọ́jọ́ tí ẹ pè é, ẹ má kó tírípù mẹ́wàá sílẹ̀ kí òjò máa gbá a lọ. Bí Dísù bá máa ń wọ́n, ẹ tọ́jú ti ọ̀sẹ̀ kan. Sìmẹ́ńtì tí ẹ tọ́jú, orí pákó ni kó wà, kó jìnnà sí ògiri, kó má ga ju báàgì mẹ́wàá lọ, èyí tó kọ́kọ́ dé ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi da òpó.

Ṣé a nílò kọ̀ǹpútà?

Rárá. Ògiri, bébà, máákà àti fóònù tó ń ya fọ́tò ti tó fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Àwọn fóòmàn wa kan kò kàwé.

Kí wọ́n wá. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá bébà wọn mọ̀, àwòrán ni wọ́n ń yà sórí rẹ̀, ẹnu ni wọ́n sì fi ń dá àdéhùn. Yorùbá la fi ń ṣe ìjókòó náà níbi tí Yorùbá bá ti jẹ́ èdè sáìtì.

Kí ni kí a mú wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ètò iṣẹ́ tí ẹ ń lò lọ́wọ́, bó ti wù kó rí. Àwòrán ìpele tó kàn. Àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: lójoojúmọ́, kí lẹ sọ pé ẹ máa ṣe, kí ló ṣẹ, kí ló fa èyí tí kò ṣẹ. Ẹ má tún un ṣe kó lè dára lójú. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì tí yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé.